Ẹni tí Búrẹ́dì Bá Ń Bá Jà, Àmàlà Kò Kọ̀ Ọ́

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀. Oúnjẹ kan wà tí tọmọdé tàgbà ń jẹ tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ó ń bá ìfun ẹlòmíràn jà bí ẹni bá ọ̀tá jà. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun kò jẹ ẹ́, wọ́n á ní ó ń ṣe fáàrí. Bí ó bá sì tijú, tí ó jẹ ẹ́, kò ní sùn mọ́jú. Àlìkámà ni oúnjẹ náà. Òun ni wọ́n ń lọ̀ tí ó ń di fúláwà. Fúláwà ló ń di búrẹ́dì, pọ́fù-pọ́fù, ṣinṣín, míìtì páì, Indomie àti sìpàgẹ́tì, àlìkámà yìí kan náà ló sì ń di sẹ̀mó. Ta ni kò mọ̀ wọ́n? Ibo ni wọn kò sí?

Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà kò gbọ́dọ̀ kú sínú ebi. Ó yẹ kí ó mọ ohun tí yóò rà lọ́jà, kí ó mọ ohun tí yóò jẹ bí ebi bá pa á lóde, kí ó sì jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, kì í ṣe bí ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ jẹ níyà. Ìdí abájọ nìyí tí ìtàn aránṣọ kan fi yẹ ní gbígbọ́.

ÌNÚ TÍ Ń KÙN BÍ Ẹ̀RỌ

Moníyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ni obìnrin náà ń gbé. Ó bí ọmọ mẹ́ta, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni inú fi dà á láàmú. Bí ó bá jí, tí ó fi búrẹ́dì àti tíì panu, kí agogo mẹ́wàá tó lù, inú rẹ̀ á ti wú, á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Ó rù. Ìró tí ó máa ń ró ní ẹ̀ẹ̀kan wá ń yí i po ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Bí ó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ fún wákàtí kan, òòyì á máa kọ́ ọ.

Kí ni àwọn èèyàn ò sọ? Wọ́n ní jẹ̀dí-jẹ̀dí ni. Ó jáwọ́ nínú ṣúgà, ó mu àgbo títí ọ̀fun rẹ̀ fi korò, síbẹ̀ kò lọ. Wọ́n ní aráyé ló ń ṣe é. Ó gbààwẹ̀, ó lọ orí òkè, síbẹ̀ kò lọ. Àwọn aládùúgbò tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àrùn tí kò gbóògùn ló wà lára rẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù. Oníbàárà méjì dẹ́kun àtimáa gbé aṣọ wá fún un, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn ńlá kan nílùú Ìbàdàn, dókítà ọ̀dọ́ kan ló fi sùúrù bi í léèrè.

“Mà, kí lẹ máa ń jẹ láti àárọ̀ di alẹ́?”

“Búrẹ́dì láàárọ̀, dókítà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́sàn-án, àwọn ọmọ á se Indomie. Tó bá dalẹ́, sẹ̀mó ni bàbá àwọn ọmọ fẹ́ràn.”

“Ṣé ìgbà kankan wà tí inú náà sinmi?”

Ó ronú títí. “Ọdún Iléyá tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ ìyá mi ní abúlé, lẹ́yìn Lálúpọn. Àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ẹ̀wà, òun la jẹ. Inú ò run mí rárá. Mo ní bóyá omi ibẹ̀ ló dára.”

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Mà, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ omi.” Ó ní kí ó máa jẹ búrẹ́dì lọ bí ó ti ń jẹ ẹ́ títí wọn yóò fi parí àyẹ̀wò, nítorí bí ó bá jáwọ́ ṣáájú, àyẹ̀wò lè purọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín kan tí ó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wọlé, wọ́n sì mú ẹran ìfun bín-ín-tín, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ ìgúnnu lọ, fún àyẹ̀wò. Èsì dé. Celiac ni orúkọ àìsàn náà.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÀLÌKÁMÀ

Gbogbo ẹni tó bá ti po fúláwà rí mọ̀ pé ó máa ń fà bíi rọ́bà. Èròjà tó ń mú un fà ni wọ́n ń pè ní gluten. Òun ló ń di atẹ́gùn mú nínú búrẹ́dì tí búrẹ́dì fi ń wú sókè. Ó wà nínú àlìkámà, ó wà nínú ọkà báálì tí àwọn Òyìnbó fi ń ṣe mọ́ọ̀tì àti ọtí, ó sì tún wà nínú ọkà kan tí wọ́n ń pè ní rye, tí wọ́n ń gbìn nílẹ̀ òtútù.

Nínú ìfun kéékèèké èèyàn, nǹkan wẹ́wẹ́ kan yọ bí irun ara táwẹ́ẹ̀lì. Àwọn ni wọ́n ń fa agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tó ní celiac, bí gluten bá ti wọlé, àwọn ọmọ ogun ara tí ó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà á ṣi ọ̀tá mọ̀, wọ́n á dojú ìjà kọ ìfun fúnra rẹ̀. Irun táwẹ́ẹ̀lì náà á wó lulẹ̀, á di pẹlẹbẹ. Oúnjẹ á wá máa kọjá lásán. Ìdí nìyẹn tí onítọ̀hún fi ń jẹun tí ó sì ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi tó lára rẹ̀.

Àìsàn yìí kì í ràn. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe jẹ̀dí-jẹ̀dí, kì í sì í ṣe àrùn ìṣekúṣe. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, bí ẹnì kan bá ní in, ó yẹ kí wọ́n yẹ àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀ wò. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ. Oògùn rẹ̀ kan ṣoṣo ni kí onítọ̀hún má jẹ gluten mọ́ títí ayé. Bí ó bá pa á mọ́, ìfun á máa san díẹ̀díẹ̀, irun táwẹ́ẹ̀lì á tún hù.

Dókítà àwọn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Họ́láńdì, Willem Dicke, ló fi ojú rẹ̀ rí i kedere. Ó ti ń fura sí búrẹ́dì tipẹ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ sópin, ní àkókò òtútù 1944 sí 1945, ìyàn mú ní Họ́láńdì débi pé búrẹ́dì wọ́n bí ojú. Àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí, tí ó yẹ kí ìyàn pa, ńṣe ni ara wọn ń le sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà. Ní 1950 ni Dicke gbé ìwádìí rẹ̀ jáde, èyí tó fi hàn pé àlìkámà ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nínú 100 èèyàn, bí ẹnì kan ló ní in. Àwọn kan máa ń rò pé àìsàn Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ní 1999, ìwádìí kan láàárín àwọn ọmọ Saharawi, ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fi hàn pé nínú 100 ọmọ, ó lé ní 5 tó ní in. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn kì í sábà rí i, èyí ló sì mú kí ó ṣòro fún ẹni tó bá ní in: kò sí ẹni tó máa tètè ronú kàn án. Àwọn mìíràn tún wà tí kì í ṣe celiac ló ń ṣe wọ́n, tí ara wọn kàn kọ àlìkámà, tí ara á yún wọ́n tàbí tí èémí á fún wọn bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Dókítà ló lè fi ìyàtọ̀ hàn.

ÀLEJÒ TÓ DI ONÍLÉ

Nígbà tí aránṣọ náà délé, ó jókòó, ó sì sunkún. Ó ní, “Kí ni mo fẹ́ máa jẹ? Ayé mi ti bàjẹ́.” Ìyá rẹ̀ tó wá kí i láti abúlé ló dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, nígbà tí wọ́n bí mi, ta ló mọ sẹ̀mó? Ta ló mọ Indomie? Ṣé ebi pa wá kú ni?”

Òótọ́ ni ìyá àgbà sọ. Àlejò ni àlìkámà nílẹ̀ Yorùbá. Kò fẹ́ ilẹ̀ tí òjò ti pọ̀. Òkè Ọya lọ́hùn-ún, níbi tí ọyẹ́ ti ń mú dáadáa, ni wọ́n ti ń gbìn ín ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n sì ń gbìn kò tó nǹkan, láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bá ọkọ̀ ojú omi wá. Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó dé Nàìjíríà ní 1913 láti wá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì l'Ékòó ní 1921, tí wọ́n fi ń pè é ní ọba oníbúrẹ́dì. Ní 1962 ni ilé iṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí lọ àlìkámà ní Àpápá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, búrẹ́dì di oúnjẹ mẹ̀kúnnù.

Ẹni tó ti dàgbà á rántí 1987, nígbà tí ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé. Búrẹ́dì gbówó lérí gọbọi, ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì tilẹ̀kùn, àwọn èèyàn sì padà sídìí ẹ̀kọ àti àkàrà. Ní 1992 ni wọ́n mú òfin náà kúrò. Indomie ní tirẹ̀ dé ní 1988, nígbà tó sì di 1995, wọ́n ti ń ṣe é ní Ọ̀tà. Ẹ ò rí i pé kò tíì pẹ́ rárá? Ohun tí àwọn bàbá ńlá fi ṣe ara rindin kò kúrò lọ́jà.

RÍRA NǸKAN LỌ́JÀ

Iṣu kò ní gluten. Ẹ̀gẹ́ kò ní. Àgbàdo, ọkà bàbà, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò, ọ̀dùnkún, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, kò sí ọ̀kan tó ní in nínú wọn. Ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, ẹ̀fọ́ àti èso náà kò ní in. Bí èèyàn bá dé ọjà Bódìjà tàbí ọjà abúlé ní Ìjàyè, Lálúpọn, Ẹ̀rúnmu tàbí Àkáǹrán, ohun tí kò lè pa á lára pọ̀ ju ohun tó lè pa á lára lọ fíìfíì. Ibi tí ọgbọ́n wà ni ibi tí nǹkan méjì bá ti pàdé.

Ibi àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn oní-ṣúgà-inú-ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lóde òní tí wọ́n ń ra àlìkámà, tí wọ́n ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ kí wọ́n lè fi rokà. Bí wọ́n bá ṣe tán, tí ẹlòmíràn da èlùbọ́ tirẹ̀ sí i, àlìkámà tó kù lẹ́nu ẹ̀rọ á bá èlùbọ́ lọ. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n inú ẹni tó ní celiac á mọ̀ ọ́n. Ohun tí aránṣọ náà ṣe ni pé kò ra èlùbọ́ lílọ̀ mọ́. Gbodo ló ń rà, àti pákí gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe láfún. Ó bá ọlọ́ta àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì máa ń débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ọlọ́ta á gbọn ẹ̀rọ mọ́, wọ́n á fi àgbàdo gbígbẹ díẹ̀ ṣí i lẹ́nu, èyí á di ti adìyẹ, kí gbodo tó wọlé.

Ibi kejì ni ara páálí àti ọ̀rá. Òfin NAFDAC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ní kí ilé iṣẹ́ kọ ohun tó wà nínú oúnjẹ sí ara rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó pe ọmọ iléèwé kó bá a wá ọ̀rọ̀ márùn-ún péré: wheat, flour, semolina, barley, malt. Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó ka ọ̀rọ̀ tó wà níwájú “flour” dáadáa, nítorí yam flour iṣu ni, cassava flour ẹ̀gẹ́ ni, rice flour ìrẹsì ni, wọn kò ní láburú. Tíì aládùn inú agolo, ọ̀pọ̀ wọn ló ní mọ́ọ̀tì. Mágì náà, kí ó ka ara rẹ̀, torí òmíràn ní fúláwà. Tí ó bá fẹ́ mọ́ọ̀tì inú ìgò, kí ó mọ̀ pé ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe òmíràn, àfi kí ó rọra ka ara ìgò. Zobo, wàrà, kunu ọkà bàbà àti ẹ̀kọ mímu ń bẹ níbẹ̀ fún un.

Ibi kẹta ni ìgbá àti kọ́ńgò. Ìyá aláte tó bá ń fi kọ́ńgò kan náà wọn fúláwà àti gààrí ti po wọ́n pọ̀ láìmọ̀. Aránṣọ náà kì í ra gààrí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fúláwà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan gààrí fúnra wọn ló ń lọ, ní ọ̀nà Ìjàyè, níbi tí gààrí ti ń gbóná jáde látinú agbada.

JÍJẸ NǸKAN LÓDE

Ó rọrùn láti se oúnjẹ nílé. Ìṣòro ń bẹ níta. Aránṣọ máa ń lọ ra aṣọ ní Gbági, ó máa ń lọ gbé iṣẹ́ fún oníbàárà, ebi á sì pa á. Lọ́jọ́ kan ó yà sí ìsọ̀ alámàlà kan nítòsí gáréèjì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orógùn tí ẹ fi ro sẹ̀mó lẹ fi ro àmàlà yìí?”

Ìyá alámàlà gbójú sókè. “Kí ló dé, ọmọ mi? Orógùn mi dọ̀tí ni?”

“Rárá o, Màámi. Ara mi ni kò gba sẹ̀mó. Tó bá kan oúnjẹ mi báyìí, ilé ìwòsàn ni.”

“Ó ti o! Sẹ̀mó lásán?” Ìyá náà wò ó títí, ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. “Ó dáa. Àmàlà ni mo máa ń kọ́kọ́ rò láàárọ̀, sẹ̀mó di ọ̀sán. Tó o bá lè tètè dé, kò sí ohun tó kàn ọ́. Tó ò bá lè tètè dé, wá, màá ra orógùn mìíràn.”

Ọjọ́ kejì aránṣọ náà mú òwú pupa wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi so ìdí orógùn tuntun náà. Títí dòní, orógùn olówùú pupa kì í kan sẹ̀mó ní ìsọ̀ yẹn. Àmàlà dúdú, gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata, pẹ̀lú ṣàkì méjì: ó ń jẹ ẹ́, ó ń lá ọwọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé aláìsàn kan ń jẹun.

Alákàrà ńkọ́? Ẹ̀wà ni àkàrà, ó dára. Ṣùgbọ́n bí alákàrà bá ń din pọ́fù-pọ́fù nínú epo kan náà, epo yẹn ti gbé fúláwà mì. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n máa ń fi fúláwà bo ẹja kí ó má baà lẹ̀ mọ́ agbada. Ẹ bi wọ́n, wọ́n á sọ. Ohun tí ó rọrùn jù lóde ni ohun tí a sè tàbí tí a sun tí kò bá nǹkan mìíràn pọ̀: bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, àgbàdo sísè, iṣu sísun pẹ̀lú epo pupa, ẹyin sísè, mọ́ínmọ́ín eléwé, ẹ̀kọ tútù tí ewé rẹ̀ ṣì wà lára, ẹ̀wà àti ègbo. Ìyá elégbo kan tí ń kiri ní Moníyà ti mọ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà. Kò tíì kígbe dé ibẹ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ á ti gbé abọ́ jáde, nítorí àwọn náà ti fi Indomie ọ̀sán sílẹ̀.

INÁWÓ NI IBI TÓ LE JÙ

Oríṣiríṣi nǹkan ni ojú aránṣọ náà rí lórí àìsàn yìí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn ún tó ìkómọ kan ní Ẹ̀rúnmu, lápá ẹbí ọkọ rẹ̀. Wọ́n gbé sẹ̀mó àti ẹ̀fọ́ rírò fún un. Ó dúpẹ́, ó ní òun kò ní lè jẹ ẹ́. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, ó rí i pé ṣíbí tí wọ́n fi bu sìpàgẹ́tì ni wọ́n fi bu ìrẹsì, ó tún dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bú sẹ́kún láàárín àwùjọ: “Ṣé ẹ rí i? Ó rò pé a fi nǹkan sí i ni! Ọdún mẹ́rin tó fi ń ṣàìsàn, èmi ló fi ń ṣépè!”

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá kọ oúnjẹ èèyàn ti kọ èèyàn náà. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n ọkọ náà kò fi gbé ẹsẹ̀ wá sí Moníyà. Ọkọ dákẹ́. Kò mọ ẹni tí yóò gbè lẹ́yìn, àti ìyàwó, àti ẹ̀gbọ́n.

Ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe. Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, ó ní òun á bá wọn lọ. Ó jókòó ní iwájú dókítà, ó sì gbọ́ ohun gbogbo látòkèdélẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà sí oko ní Ọ̀nà-Àrà. Ó ní, “Bó o bá ń bínú sí ìyàwó àbúrò rẹ torí sẹ̀mó, o ń bínú sí Ọlọ́run tó dá ìfun rẹ̀. Àrùn tó ń ṣe é, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ.” Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀ sunkún lọ́rùn ara wọn. Láti ọjọ́ náà, bí inawó bá fẹ́ wà nínú ẹbí, ìyá ọkọ ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, “Ẹ bá mi ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ fún ìyàwó mi.” Láfún ló máa ń rò fún un fúnra rẹ̀, funfun báláú. Àwọn mìíràn ti ń yọjú sí ìkòkò yẹn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Ẹni tó bá ń lọ síbi inawó, kí ó jẹun díẹ̀ nílé, kí ó sì tètè sọ fún olùṣe kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ inawó, ṣíbí kan sí ìkòkò kan. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

BÚRẸ́DÌ Ẹ̀GẸ́: Ẹ MÁ ṢE ṢÌNÀ

Ohun kan wà tí ó fẹ́ tan aránṣọ náà jẹ. Kò jìnnà sí ilé rẹ̀, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ni IITA wà, ilé ìwádìí ìṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó gbọ́ pé búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ wà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní àdúrà òun ti gbà.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé Ọbásanjọ́, ní 2005, ohun tí ìjọba ní kí àwọn onífúláwà ṣe ni kí wọ́n fi ìdá 10 nínú 100 ẹ̀gẹ́ kún fúláwà. Láyé Jonathan, ní 2011 àti 2012, wọ́n ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì tí ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ tó ìdá 20 sí 40. Ètò náà dára fún àgbẹ̀, kí owó má baà máa lọ sókè òkun. Ṣùgbọ́n ìyókù inú búrẹ́dì náà, àlìkámà ṣì ni. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà kò lè jẹ ẹ́. Orúkọ ẹ̀gẹ́ tó wà lára búrẹ́dì kò sọ ọ́ di ẹ̀gẹ́.

Ohun tó dára ni fúláwà ẹ̀gẹ́ tí kò ní àdàlù. Kì í ṣe láfún o, torí láfún ni wọ́n ń rẹ sómi fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan. Fúláwà ẹ̀gẹ́ kì í kan. Wọ́n á hú ẹ̀gẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá hú u, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ sí kan. Ó funfun, kò ní òórùn. Kò lè wú bíi búrẹ́dì fúnra rẹ̀, torí kò ní gluten tí yóò di atẹ́gùn mú, ṣùgbọ́n bí ẹyin bá pọ̀ nínú rẹ̀, kéèkì tí wọ́n fi ṣe á dìde dáadáa. Ṣinṣín rẹ̀ á sì máa ró kàùkàù lẹ́nu. Lọ́jọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ kékeré, kéèkì ẹ̀gẹ́ ni aránṣọ náà ṣe. Àwọn ọmọ àdúgbò jẹ ẹ́ tán pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí ó fi ṣe é.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ẸNI TÓ Ń TÀ ÀTI ẸNI TÓ Ń RÀ

Ara aránṣọ náà ti le. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pé. Oníbàárà méjì tó sá ti padà wá, kò sì bi wọ́n ní ibi tí wọ́n lọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó ṣì máa ń kọsẹ̀, bí ẹlẹ́ran kan bá fi fúláwà sí ọbẹ̀ kí ó lè ki, inú á tún dà á láàmú fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Kò ṣeé yẹ̀ tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tó ń bá a jà, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ẹni tó ń ja ìjà nínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní àìsàn yìí, ẹ má ṣe torí ìtàn yìí da búrẹ́dì yín nù. Kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin tí inú ń dà láàmú fún oṣù àti ọdún, tí ẹ ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ yín kò tó láìnídìí, ẹ má ṣe dá àgbo mu títí ara á fi bàjẹ́, ẹ má sì ṣe dá àlìkámà dúró fúnra yín kí àyẹ̀wò tó wáyé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń jẹ fún dókítà, láti àárọ̀ di alẹ́, láìfi ọ̀kan pamọ́.

Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ, ẹni tó bá béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò yín kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ má ṣe bú u. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ sọ fún un. Bí fúláwà bá wà nínú àkàrà, ẹ sọ pé ó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ òótọ́, yóò máa padà wá lójoojúmọ́, á sì mú ẹlòmíràn wá. Bí ẹ bá purọ́ nítorí owó àkàrà mẹ́ta, ara èèyàn ni ẹ tà. Orógùn kan kò wọ́n. Òwú pupa kan kò wọ́n. Ẹ ra méjèèjì, kí ẹ kàn wọ́n síbi tí oníbàárà á ti rí i.